Ológbò Tó Ń Sín àti Ọwọ́ Tó Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti owó, kì í sì í ṣe ti ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ ológbò ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó jókòó.

Ní Ẹgbẹ́dá tiwa yìí ní Èkó, láti Àkówọ́njọ títí dé ọ̀nà Ìdímù, àwọn tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí mọ ohun tí ológbò ń ṣe fún wọn. Èkúté kì í kàn lu àpò nìkan, ó ń tọ̀ sínú oúnjẹ, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú èkúté kan ni ibà Lassa sì ti ń ran ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ológbò tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nínú ọjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ náà sì ti ń sìn ín báyìí, ẹ ń sọ ọ́ lórúkọ, ẹ ń bá a ya fọ́tò. Ó dára. Ilé tí kò sí ológbò, ilé èkúté ni.

Ohun tí kò dára ni bí a ṣe ń ṣe nígbà tí àìsàn bá mú un. Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bo ojú títì, tí ológbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í sín, gbogbo ará ilé á ní eruku ni. Eruku lè mú ẹran sín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eruku kì í ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Bí ológbò ìyá oníbúrẹ́dì bá sín lónìí, tí ti alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sín lọ́jọ́ kẹrin, tí èyí tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá jí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tí ipin ti di ojú rẹ̀ pa, ẹ fi ọ̀rọ̀ eruku sílẹ̀. Àrùn tó ń ràn ti wọ àdúgbò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àjẹ́ kúrò lọ́nà. Bí ojú ológbò bá wú, tó pupa, àwọn kan á ní ó lọ sí ìpàdé lóru, wọ́n sì nà án níbẹ̀. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ológbò dúdú ni, ẹjọ́ ti tán. Wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á lọ jù ú sí ẹ̀bá gọ́tà. Ẹran tí ẹ jù nù kò kó àrùn rẹ̀ lọ o. Ó ti sín sára ògiri, ó ti lá abọ́, ó ti nu imú mọ́ àkísà tí ẹ tẹ́ fún un, orí àkísà yẹn náà sì ni ẹ ó tẹ́ èyí tí ẹ bá tún mú wálé sí.

Àwọn mìíràn á ní Apollo ni. Apollo tí àwa mọ̀, àrùn ojú ni, ènìyàn ló sì ń mú. Ọdún 1969, ọdún tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn dé orí òṣùpá, ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní Ghana, kò sì pẹ́ tó fi wọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tún kéde pé ó ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Kòkòrò tó ń fà á yàtọ̀ sí àwọn tó ń bá ológbò jà. Bí Apollo bá mú ọmọ yín, ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti àwọn tó ń bá a ṣeré, ẹ má di ẹ̀bi ru ẹran. Nínú àwọn kòkòrò tí mo fẹ́ dárúkọ yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń ran ojú ènìyàn, ìyẹn náà kò sì wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ń fọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kò ní ìdí láti sá.

Kòkòrò mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni herpesvirus ti ológbò, tí Crandell àti Maurer ṣàwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1958. Òun ló ń mú ẹran sín léraléra. Imú á ṣàn, ojú méjèèjì á pupa, wọ́n á máa domi, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ omi náà á ki, á di ọyún. Ó lè dá egbò sórí ẹyinjú fúnra rẹ̀. Èkejì ni calicivirus. Ẹnu ni kí ẹ ti wá ìyẹn: egbò á wà lórí ahọ́n, itọ́ á máa dà, ebi á pa ẹran náà, á rìn dé ìdí abọ́, á gbóòórùn ẹja, á sì yí padà. Ọmọ ológbò tí calicivirus mú lè máa tiro lónìí, kó má tiro lọ́la, kí ẹsẹ̀ mìíràn gbà á lọ́tùnla. Ẹ̀kẹta ni Chlamydia felis, òun ni mo ní ó lè ran ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ló ń dojú kọ. Ojú kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, èkejì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, inú ipénpéjú á wú, á sì pọ́n, ṣùgbọ́n ẹran náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sín.

Ẹ má retí pé ẹ ó fojú lásán mọ èyí tó jẹ́. Wọ́n máa ń dàpọ̀ mọ́ra, dókítà gan-an sì máa ń ṣe àyẹ̀wò kó tó dá a lójú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára ilé. Ológbò kì í la ẹnu mí. Èyí tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò sáré, tí oòrùn kò sì pa á, ń wá ẹ̀mí ni. Èyí tó bá di ojú kan mọ́ tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ rárá, tàbí tí ojú rẹ̀ dà bí ẹni pé èéfín wà nínú rẹ̀, egbò lè ti wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá sì jẹun, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Bí ológbò bá fi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láìjẹun, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya bo ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹran ti borí ọ̀fìnkìn tán kí ebi tó wá pa wọ́n.

Imú ló ń fa àìjẹun yẹn. Òórùn ni ológbò fi ń mọ oúnjẹ. Bí imú bá dí, ẹja tútù kò yàtọ̀ sí òkúta lójú rẹ̀. Nítorí náà ẹ mú ẹja ṣáwá kan tàbí ẹ̀là ẹja títùs kan, ẹ bọ̀ ọ́ láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, láìsí Maggi. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ yọ egungun rẹ̀ tán, ẹ fi ọwọ́ rún un mọ́ omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́, ẹ sì gbé e síwájú rẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Bí kò bá jẹ, ẹ fi ìka kan tọ́ díẹ̀ sí i létè. Á lá a. Bó bá lá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹ má fi síríǹjì rọ oúnjẹ sí i lọ́fun bí ìyá tó ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Imú tó dí àti ẹnu tó kún, ẹ̀dọ̀fóró ni oúnjẹ yẹn ń lọ.

Ojú náà ní bí à ń ṣe é. Ẹ se omi títí á fi hó, ìdajì lítà, ẹ bu iyọ̀ sí i, kó dín díẹ̀ ní ṣíbí tíì kan. Ẹ jẹ́ kó lọ sílẹ̀ títí ẹ ó fi lè ki ìka bọ̀ ọ́. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, ẹ gbé òwú náà lé ojú tó dì pa, ẹ dì í mú síbẹ̀ díẹ̀ kí ipin náà rọ̀. Ẹ má fi èékánná họ ọ́. Bó bá ti rọ̀, ẹ nù ún láti igun tó sún mọ́ imú lọ síta, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì ju òwú yẹn nù. Òwú tuntun fún ojú kejì. Ẹ ó rí awọ funfun kan tó yọ láti igun ojú, ẹ má fà á o. Ara ojú ológbò ni, á padà sáyè rẹ̀ bí ara bá ti ń yá. Lẹ́yìn náà ẹ nu ihò imú, ẹ gbé ẹran náà sínú bálùwẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wẹ omi gbígbóná, kí ooru omi náà tú imú rẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Wàyí o, ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú ilé wa, oògùn tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ni ẹ̀tẹ̀. Ọ̀fìnkìn ológbò, làpálàpá ni.

Paracetamol, ìyẹn Panadol àti gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, májèlé ni fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí ẹ̀dọ̀ wa fi ń tú u palẹ̀. Hóró kan péré lè pa á. Ẹ̀jẹ̀ á dẹ́kun gbígbé afẹ́fẹ́, erìgì tó máa ń pọ́n á di àwọ̀ ilẹ̀, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ á wú. Ẹni tó fún un á wá rò pé àìsàn àtijọ́ ló ń le sí i, á sì tún fún un ní ìdajì kejì. Ibuprofen náà kò dára. Ẹ má fi Robb tàbí Aboniki pa á nímú. Ohun tí ẹ bá fi pa ológbò lára, á lá a ni. Nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni Izal àti Dettol ṣe léwu: ẹ fi nu ilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó fi ahọ́n fọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, òórùn ìmọ́tótó yín sì di oró lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oògùn ojú. Kẹ́míìsì pọ̀ ní àdúgbò wa, oníkẹ́míìsì kì í sì í ṣe dókítà ẹran. Bí ẹ bá ní ojú pupa, á fún yín ní èyí tó máa ń mú ojú pupa balẹ̀ kíákíá. Ẹ yí páálí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, ẹ dá a padà. Oògùn bẹ́ẹ̀ ń fa ọwọ́ ààbò ara sẹ́yìn. Bí egbò bá wà lórí ẹyinjú, á jinlẹ̀ títí ojú á fi lu. Ojú náà á kọ́kọ́ mọ́ fún ọjọ́ méjì, ẹ ó máa yin oníkẹ́míìsì, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún omi ewé tàbí ọmú ìyá sí i lójú, mo bọ̀wọ̀ fún ewé, ewé ni wọ́n fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹyinjú kì í ṣe ibi tí à ń dán nǹkan wò.

Ampiclox tí ẹ ń tú dà sínú ẹja ńkọ́? Kò lè pa herpesvirus, kò lè pa calicivirus, kì í sì í ṣe òun ni wọ́n fi ń lé Chlamydia. Doxycycline ni àwọn dókítà sábà máa ń lò fún ìyẹn, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gbogbo ológbò inú ilé náà ló sì ń gbà á, títí kan èyí tí ojú rẹ̀ mọ́. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ fi omi díẹ̀ tàbí oúnjẹ tì í lẹ́yìn, torí hóró náà lè há sí ọ̀nà ọ̀fun, kó sì jó o. Ojú á mọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó fẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹ má dáwọ́ dúró.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Bàbá, yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, níbo ni kí n ya ẹran aláìsàn sọ́tọ̀ sí?" Ìbéèrè gidi ni. Itọ́ tí ológbò bá sín jáde lè fò kọjá mítà kan, nítorí náà igun yàrá kan sí èkejì sàn ju àkísà kan náà lọ. Ẹ wá páálí ńlá, ẹ gé ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sí bálùwẹ̀ tàbí ìdí fèrèsé tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Abọ́ rẹ̀ ní tirẹ̀, ìyẹ̀pẹ̀ tó ń yàgbẹ́ sí ní tirẹ̀. Ẹ bọ́ àwọn tí ara wọn le ná, ẹ fi aláìsàn ṣe ìkẹyìn, kí ẹ tó lọ fọwọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀wù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ológbò méjì kò tíì fojú kanra tí àrùn fi dé ara èkejì: ọwọ́ wa ló gbé e lọ, tàbí aṣọ wa. Herpesvirus kì í pẹ́ kú níta, bí ọjọ́ kan péré. Calicivirus lè wà láàyè lórí ilẹ̀ gbígbẹ fún oṣù kan, ọ̀tí sánítáísà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ abọ́ àti ilẹ̀, kí ẹ tó fi Jik tàbí Hypo lé e, ife kan sínú ogún ife omi. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣàn án dànù, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má pò ó mọ́ Izal tàbí ohun ìfọlẹ̀ mìíràn, èéfín rẹ̀ á mú ẹ̀yin náà láyà.

Ológbò tuntun tí ẹ bá gbà lọ́jà tàbí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́tọ̀ kó tó bá àwọn tó wà nílé pàdé. Ó lè dé lónìí láìsín, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún.

Kí ẹ sì mọ̀ pé yíyá kì í ṣe bíbọ́. Herpesvirus kì í kúrò lára ọ̀pọ̀ ẹran tó bá mú. Á sùn sínú iṣan títí ayé, á sì jí bí wàhálà bá dé. Onílé lé yín, ẹ kó láti Ẹgbẹ́dá lọ sí Ìgándò, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ológbò yín tún bẹ̀rẹ̀ sí í sín: kì í ṣe ilé tuntun ló ní ọwọ́ ayé nínú. Ìyá ológbò tó bímọ náà lè tú kòkòrò yẹn sára àwọn ọmọ rẹ̀ láìsín rárá. Àwọn ọmọ yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá ni ojú wọn máa ń là. Bí ojú tí kò tíì là bá wú, ọyún ti gbá jọ sábẹ́ ipénpéjú nìyẹn. Ẹ má fi ipá là á. Ẹ fi omi iyọ̀ wọ́ọ́rọ́ rẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó lè ti fọ́ lójú.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Ọ̀kan náà ló ń dènà herpesvirus, calicivirus àti panleukopenia tó ń fi ìgbẹ́ gbuuru àti èébì pa ọmọ ológbò. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n ń tún un gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kọ̀ọ̀kan títí ọmọ náà á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Kì í sọ pé kí ẹran má sín mọ́ láéláé. Ohun tó ń ṣe ni pé àrùn tí ì bá pa á á di ọ̀fìnkìn ọjọ́ mélòó kan. Ti dìgbòlugi lọ́tọ̀ ni o, ẹ gba ìyẹn náà. Nítorí dìgbòlugi ni mo ṣe ń sọ pé bí ológbò tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bá tún ń ta gìrì, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tó ń bu ènìyàn jẹ láìnídìí, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu pé ẹ ń wá egbò ahọ́n.

Ohun kan kù tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìfun adìyẹ tútù lọ́dọ̀ alápatà adìyẹ fún ológbò yín, ẹ dẹ́kun rẹ̀, ẹ máa bọ̀ ọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ti rí àrùn adìyẹ H5N1, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó sì pa obìnrin kan ní Èkó níbí. Àrùn yẹn ń pa ológbò. Ó pa wọ́n ní Poland ní 2023, ó pa àwọn tó mu wàrà tútù ní oko màlúù ní Amẹ́ríkà ní 2024. Bí adìyẹ bá ń kú ní àdúgbò, tí ológbò tó jẹ nínú rẹ̀ sì ń mí fúùfúù, tó ń ta gìrì, tí ojú rẹ̀ ń ṣàn, ẹ má gbé e mọ́ra. Ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ pe dókítà ẹran.

Dókítà ẹran tí mo ń sọ, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbé báàgì abẹ́rẹ́ kọ́pá wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Ojú kò ní í ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju tirẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta. Ẹ wá nọ́ńbà dókítà kí àìsàn tó dé. Nígbà tí ẹ bá sì gbé ẹran dé iwájú rẹ̀, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fún un lò, títí kan Panadol, àti aago tí ẹ fún un. Oògùn tó ń pa oró Panadol wà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn bá tètè dé. Dókítà kò ní í nà yín.